Fèrè Tí Wọ́n Pín Sí Ìdí Igi Mẹ́ta

Àwọn ọmọ olóògbé pín fèrè náà bí ẹni pín oko. Bí a ṣe tún un kó jọ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ṣe é, ó sì di oṣù mẹ́jọ báyìí tí a ti sin obìnrin náà.

Kí ọdún 1890 tó dé ni, nígbà tí ogun ṣì wà ní Ìmẹ̀sí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ wa sì wà ní ibùdó. Èmi kò sí níbẹ̀. Èkó ni mo ti dàgbà, nílé ẹ̀kọ́ àwọn oníjọ, mo sì padà wá sí Ìjerò nítorí pé ìyá mi ṣì wà láàyè. Mo ń dáko díẹ̀. Mo sì ń bá àwọn àgbà ìlú kọ lẹ́tà sí àwọn ènìyàn wa tó wà ní Èkó. Iṣu ni wọ́n fi ń san án fún mi. Iṣu pọ̀ nílé wa nígbà náà débi pé ibi tí a ó gbé ẹsẹ̀ sí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n owó ẹyọ tó wà nílé kò kún igbá.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ni olùkọ́ kan ti fi fèrè òyìnbó lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kilarinẹ́ẹ̀tì. Igi dúdú líle ni, ó gùn tó apá ọkùnrin, irin funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì tò sí i lára tí ìka yóò máa tẹ̀. Oríkèé márùn-ún ni wọ́n ń kì bọ inú ara wọn: ẹnu, ọrùn, ara òkè, ara ìsàlẹ̀, àti ìdí tó là gbàgà bí òdòdó. Wọ́n máa ń so pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí èékánná mọ́ ẹnu rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ nìyẹn. Bí èémí bá ti kọlù ú, yóò gbọ̀n, ohùn yóò sì jáde. Ọdún mẹ́ta ni mo fọn ti ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, mo dá a padà sínú àpótí rẹ̀, mo sì gbà pé èmi àti òun ti parí.

Ní ọjọ́ kan ìyàwó mi fẹ́ lọ ra òwú ní Ẹ̀fọ̀n, mo sì bá a lọ kí n lè bá a ru ẹrù. A dé ilé ọkùnrin kan tó ní ẹbu epo, ìyàwó mi ní kí ó bu epo sí akèrègbè fún wa. Ọkùnrin náà ki nǹkan dúdú kan bọ ẹnu akèrègbè, ó sì ń da epo gba inú rẹ̀. Mo wò ó, mo tún un wò.

Mo ní, "Ẹ dákun, kí ni ẹ fi ń da epo yẹn?"

"Ìdí ni."

"Ìdí kí ni?"

"Ìdí fèrè bàbá mi. Ṣé epo lẹ wá rà ni, àbí ìdí?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí odó.

Bàbá ọkùnrin náà, bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, ti wà ní Èkó láàárín àwọn tó ń fọn fèrè fún àwọn ọmọ ogun gómìnà. Fèrè ló fi jẹun títí ó fi darúgbó díẹ̀, ó wá kó ẹrù rẹ̀ bọ̀ wálé. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tó kú. Ní ilẹ̀ wa, bí ọkùnrin bá kú, iye ìyàwó tó bímọ fún un ni a ń kà bí a bá fẹ́ pín ogún, a kì í ka iye ọmọ. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ni ìdí igi kan. Mẹ́ta ni ìyàwó olóògbé. Wọ́n pín oko sí mẹ́ta, wọ́n pín ewúrẹ́ sí mẹ́ta, wọ́n wá gbé fèrè.

Mo bi í léèrè bóyá wọ́n mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni.

Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo kẹ̀? A fà á báyìí, ó tú. A tún fà á, ó tún tú. Àwọn àgbà ní olóògbé ti pín in fúnra rẹ̀ kó tó kú. Ohun tó bá pín ara rẹ̀, ta ni yóò bá a jà?"

"Ẹ̀yin wá gba ìdí."

"Èmi ni àkọ́bí. Ibi tó tóbi jù ni mo gbà."

Ó wọlé, ó sì mú ara ìsàlẹ̀ jáde, èyí tí ó fi okùn so kọ́ ara òpó. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé e sókè sí oòrùn, mo di ojú kan, mo sì fi èkejì wo inú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó ń dán, kò sán níbì kan. Mo tẹ àwọn irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, àfi ẹyọ kan tó ti rọ. Fèrè ilé ẹ̀kọ́ wa kò tó èyí rárá. Èyí jẹ́ irú tí ẹni tó ń fi fèrè jẹun ń lò, tí olùkọ́ wa máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹṣin ọba.

Ìyàwó mi sún mọ́ mi. "Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí?"

Mo ronú díẹ̀. Mo ní, "Ó dà bí ohùn ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kò fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

"Kí la máa fi rà á? Uṣu?"

"Aṣọ mẹ́ta wà nílé."

Ohun tó sọ yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Obìnrin tó ń hun kíjìpá ni ìyàwó mi, aṣọ rẹ̀ sì ní orúkọ láti Ìjerò títí dé Àrámọ̀kọ, níbi tí a ti bí i. Mẹ́ta tó ń sọ yìí, ó ti tó ọdún kan tó ti ń hun wọ́n. Ti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, ẹni tó máa lọ sílé ọkọ lẹ́yìn iṣu tuntun. Ìyá wọn ti kú; òun ló máa dúró bí ìyá. Gbogbo ará ilé wọn ní Àrámọ̀kọ ló ti gbọ́ pé aṣọ mẹ́ta ń bọ̀. Bí ó bá dé ọ̀hún lọ́wọ́ òfo, ojú tì í nìyẹn lójú àwọn ìyàwó ilé tó ti ń wá ohun tí wọn yóò fi bú u tipẹ́.

Mo ní, "Má fọwọ́ kan aṣọ àbúrò rẹ."

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo hun ún?"

Ní ọjọ́ karùn-ún a gbé aṣọ àkọ́kọ́ gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Àkọ́bí olóògbé na aṣọ náà, ó gbóòórùn aró lára rẹ̀, ó sì kó ara ìsàlẹ̀ àti ìdí fún wa. Ó ní kí a lọ fi ọṣẹ fọ ìdí náà, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ta ohun ìdọ̀tí fún àlejò.

Ìdí igi kejì wà ní Àrámọ̀kọ, lọ́dọ̀ ọmọkùnrin olóògbé tó ń bá àwọn ará ìyá rẹ̀ dáko. Ológùn-ún ni, àgbà sì ni. A kí i pé ẹ kú ulé, ó sì mú wa lọ sẹ́yìn ilé. Ara òkè fèrè wà níbẹ̀, a nà án sí ẹ̀gbẹ́ òkúta Ògún láàárín àdá tó ti dógùn-ún àti ọkọ́ tó ti jẹ́. Epo ti rin ín gbingbin. Ìyẹ́ adìyẹ dí ihò rẹ̀ kan.

Ó ní, "Irin ara rẹ̀ pọ̀ ju ti ìbọn mi lọ. Níbo ni kí n gbé e sí?"

Mo ní, "Fèrè ni, baba."

"Mo mọ̀ pé fèrè ni. Ṣé Ògún kò gbọdọ̀ gbọ́ fèrè?"

Ìyàwó mi bẹ́ sí ẹ̀rín, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ó mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀rín yẹn ló la ọ̀nà fún wa. Ó gba aṣọ kejì. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnikẹ́ni kì í gba irin lọ́wọ́ Ògún kó má fi irin sílẹ̀, àti pé ọwọ́ ẹni tó ń mú un lọ ló gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Àdá kan ṣoṣo tó dára ni mo ní. Èmi tí mo ti ka Ìwé Mímọ́ láti òkè délẹ̀ ní Èkó, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì tẹ́ àdá mi síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà kankan rí.

Nígbà tí a délé ni mo tó mọ ohun tí bàbá náà ti ṣe fún wa. Igi fèrè a máa sán bí ọyẹ́ bá mú un. Epo tí ó ń dà sí i lọ́dọọdún ló gbà á. Ìyàwó mi fi igi ìgbálẹ̀ yọ ìyẹ́ kúrò nínú ihò, ó sì jókòó ti irin kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí pé kí ni èyí ń ṣe, kí ni tọ̀hún ń ṣe. Lábẹ́ irin kọ̀ọ̀kan ni awọ kékeré kan ti máa ń wà tó ń dí ihò pa. Kòkòrò ti jẹ gbogbo wọn. Ó wo àjẹkù ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́. Ó wá gé awọ ọmọ ewúrẹ́, ó fi òwú sí i nínú, ó rán an roboto, ó sì fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú ọ̀kan nínú wọn nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣì ń gba abẹ́ rẹ̀. Ó máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí etí ihò kí ó lè mọ̀. N kò tíì rí ẹni tó tún fèrè ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Ó wá ku ẹnu àti ọrùn. Fèrè tí kò ní ẹnu kò yàtọ̀ sí ọ̀pá. Aṣọ méjì ti lọ, àdá ti lọ, iṣu tuntun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìdí igi kẹta ni ìyàwó kékeré olóògbé, tí ó bí ọmọbìnrin kan. Ó ti padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìkógòsì.

A bá a lẹ́bàá omi, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ó ń fọ aṣọ, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ju ìyàwó mi lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí a sọ ohun tí a bá wá, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú wa dé ilé, ó sì mú ìdì kékeré kan jáde. Fìlà ọkọ rẹ̀ ló fi dì í. Ó tú u. Ẹnu fèrè ni, dúdú, ṣóńṣó, ọrùn wà pẹ̀lú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ti kán. Lórí rẹ̀, níbi tí eyín òkè máa ń dúró sí, igi náà jẹ wọnú ní ojú méjì.

Ó fi ìka rẹ̀ sí ojú méjì náà. "Eyín rẹ̀ nìyí."

Mo yin ín fún bó ṣe tọ́jú rẹ̀. Mo ní kí ìyàwó mi tẹ́ aṣọ kẹta sílẹ̀ kí ó wò ó.

Ó ní, "Aṣọ yìí dára. Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Mo tún sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un pé àwọn yòókù ti wà lọ́wọ́ wa, pé láìsí èyí a ti ṣòfò. Ó ní òun gbọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín in kan òun, òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu kàn án, ọmọ òun pàápàá. Mo rò pé agídí ni. Mo ń ronú bí mo ṣe lè yí i lọ́kàn padà, bí ẹni ń wá ọ̀nà tí ihò kan yóò fi dí. Ní oṣù mẹ́jọ yìí tí mo ti sin ìyàwó mi, mo ti ní òye ohun tó ń ṣe é, ó sì ti pẹ́ jù láti bẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó mi kò bá a sọ nípa aṣọ. Ó bi í léèrè pé, "Kí ni ẹ rò pé ó wà nínú rẹ̀?"

Obìnrin náà wò ó. "Òun ni. Ohùn rẹ̀. Níbo ló tún lè wà?"

"Ṣé ẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ?"

Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí, ó sì tún sùn. Ó wá ní, "Kí ọkọ yín fọn ọ́n níwájú mi. Bó bá jẹ́ òun, kò ní í kúrò nílé yìí, kódà bí ẹ bá gbé ogún aṣọ wá. Bí kì í bá ṣe òun, ẹ máa mú un lọ."

Mo lọ gé ọparun. Mo là á, mo fi ọ̀bẹ ha á títí ó fi rí bí èékánná, mo sì rì í sínú omi gbígbóná kí ó lè rọ̀. Bí mo ṣe ń ha á, ìrònú kan ń wá sí mi lọ́kàn pé bí mo bá fọn ọ́n burúkú, fèrè di tiwa. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni fẹ́ bu omi. Ó ní, "Ọkọ mi, má tan obìnrin yìí jẹ. Bí o bá ṣe mọ̀ ọ́n ni kí o fọn ọ́n."

Mo ní, "Bí ó bá gbà á mọ́ wa lọ́wọ́ ńkọ́?"

"Èmi ni n óo lọ rí àwọn ará ilé mi. Kì í ṣe ìwọ."

Mo so ahọ́n mọ́ ẹnu, mo to fèrè pọ̀. Eyín mi bọ́ sínú ojú méjì yẹn, kò sí ibòmíràn tí ó tún lè dúró sí. Mo fẹ́ ẹ. Ó ké bí awó tí ajá ń lé.

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Hàà! Bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ nìyẹn!"

Mo rí ìyàwó mi tó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Mo fi itọ́ rin ahọ́n náà, mo mí, mo sì fọn orin ìyìn kan tí a máa ń fọn nílé ẹ̀kọ́, láti orí dé ìdí, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ìka mi ti gbàgbé púpọ̀, ṣùgbọ́n fèrè náà rántí ju mí lọ. Ohùn rẹ̀ kún, ó dúdú, ó rọra. Àwọn tó wà lẹ́bàá omi dìde dúró. Obìnrin náà tẹ orí rẹ̀ ba, kò sì gbé e sókè títí mo fi parí.

Ó mi orí. "Rárá. Láti ìsàlẹ̀ ni òun ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ti òkè bẹ̀rẹ̀." Ó gba ẹnu fèrè náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó fi í sí etí rẹ̀. Ó wá dá a padà. "Kò sí níbẹ̀. Ẹ máa mú un lọ."

Ó fẹ́ kí a mú un lọ lásán. Ìyàwó mi kọ̀. Ó ní ogún ọmọ ni, a kì í gba ogún ọmọ òrukàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ká aṣọ kẹta, ó sì gbé e sẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe tán.

Ọjọ́ tó kù fún ìyàwó mi kí àbúrò rẹ̀ tó lọ sílé ọkọ kò gbà ju aṣọ kan lọ, kódà bó bá ń jí kí àkùkọ tó kọ. Ó hun ún, ó rẹ ẹ́, omi aró kò sì tíì gbẹ lára rẹ̀ tán nígbà tí a gbé e dé Àrámọ̀kọ. Ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n ti di ẹrù ìyàwó, wọ́n ń retí. Àbúrò bàbá rẹ̀, arúgbó obìnrin kan tí gbogbo ilé ń bẹ̀rù, na aṣọ náà, ó wo abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wá èkejì.

"Aṣọ kan? Mẹ́ta la gbọ́."

Ìyàwó mi kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi. Àwọn yòókù wà lẹ́nu ọkọ mi."

Àwọn ìyàwó ilé hó yèè. Ọ̀kan ní, "Ẹ ò rí i pé ọkọ tó ń jẹ aṣọ ni!" Òmíràn ní kí n la ẹnu kí àwọn wo bóyá kíjìpá ṣì wà níbẹ̀.

Ìyàwó mi kò dìde. Ó ní, "Fọn ọ́n fún wọn."

Mo fọn ọ́n. Àwọn tó ń gúnyán fi odó sílẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, arúgbó náà ní kí n tún ṣe é, mo sì tún ṣe é. Ó wá wo ìyàwó mi, ó ní, "Ó dùn. Àmọ́ fèrè kì í bo ìdí ní òwúrọ̀ ọyẹ́." Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn. Wọ́n gbé ẹrù, mo sì ń fọn fèrè níwájú ìyàwó títí dé ilé ọkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń sáré jáde láti inú àgbàlá. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó mi kò wo ibi tí a wà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó mi rí i.

Ní ọjọ́ kejì ó to òfì rẹ̀ fún aṣọ méjì tó kù. Ó tó ọdún kan kó tó parí wọn, nítorí iṣẹ́ oko àti oyún àkọ́bí wa. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé wọn lọ fún àbúrò rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ló sì lò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bọ̀ pẹ̀lú adìyẹ kan àti ẹ̀rín.

Ní gbogbo ọdún yẹn, bó bá ti jókòó ti òfì, á pè mí. "Wá fọn ọ́n, kí n gbọ́ ohun tí mò ń hunṣọ fún." Mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá kó òwú kọjá, á fi apasà gbá a mọ́lẹ̀, igi náà á sì dún gbà. Ibi tó bá ti dún ni mo wá ń mí, nítorí orin kò lè bá apasà jà. Bí mo ṣe kọ́ orin mi tó kù nìyẹn, gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ogun parí tí ọ̀nà sì là, mo lọ sí Èkó. Ẹnìkan tó gbọ́n nínú iṣẹ́ fèrè gbọ́ mi, ó yìn mí, ó sì ní ohun kan ṣoṣo ló ṣe é ní kàyéfì, pé mò ń mí níbi tí ẹnikẹ́ni kì í mí. Ó fẹ́ kọ́ mi ní ibi tó tọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó fèrè sínú àpótí, mo sì gba ọ̀nà ilé.